Ta Ló Ń Gba Ẹnu Aláìsàn Sọ̀rọ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní àsìkò ọyẹ́, a lọ kí ẹbí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ní Kaboua. Ìyá àgbà ilé náà jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 14, dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín agbo ilé, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń mú dáadáa. Dókítà tó ti ń tọ́jú ìdílé náà láti ọdún mélòó kan ló wà ní òdìkejì, ní ìlú ńlá kan tó jìnnà sí wa. Ọmọ náà ti ṣí ohùn fóònù sí gbangba, gbogbo wa ni a sì ń gbọ́.

Dókítà bèèrè lédè Faransé ohun tó ń ṣe ìyá. Ọmọ náà yíjú padà: "Ìyá, wọ́n ní kí ló ń ṣe yín?"

"Sọ fún wọn pé ibi ọkàn ń dùn mí. Ó ń fún mi bí ìgbà tí wọ́n di ọ̀já mọ́ mi láyà. Ó tún ń ro mí wá sí apá òsì yìí."

Ọmọ náà gbé fóònù sẹ́nu: "Docteur, elle a mal au cœur."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó gbọ́ Faransé ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà forí lé. Lẹ́nu àwọn Faransé, ẹni tó ní mal au cœur kì í ṣe ẹni tí ọkàn ń dùn. Ẹni tí èébì ń gbé ni. Dókítà náà kò ṣi ohun tó gbọ́ gbọ́. Ó bèèrè bóyá ìyá ti bì, ọmọ náà ní rárá, ṣùgbọ́n kò jẹun láti àárọ̀. Dókítà kọ orúkọ oògùn tí ń dá èébì dúró ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní kí wọ́n máa fún un ní omi mu díẹ̀díẹ̀. Ní ti apá òsì, ọmọ náà kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Nígbà tí a bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó ní òun rò pé iṣẹ́ oko ló fà á, òun kò sì fẹ́ fi ìyẹn gba àkókò dókítà.

Àwa ńkọ́? Iṣẹ́ wa ni láti kọ́ ọmọ ní Faransé, ó sì ti lé ní ọdún 15 tí a ti wà lẹ́nu rẹ̀. A gbọ́ gbólóhùn náà, ó ta wá létí. Ṣùgbọ́n àlejò ni wá nínú ilé náà. A kò fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe níwájú ẹbí rẹ̀ bí ẹni pé kíláàsì la wà. A dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, èémí ìyá kò já gaara mọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí Savè lórí alùpùpù, ọmọkùnrin kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn, ìyá láàárín. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ bi í pé, "Ìyá, níbo gan-an ló ń dùn yín?" Ìyá kò fèsì. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e lé àárín àyà, ó sì fi ọwọ́ kejì fa ìlà láti èjìká òsì dé ìgbọ̀nwọ́. Nọ́ọ̀sì náà ti sáré lọ pe dókítà kí ó tó gbé ọwọ́ náà kúrò.

Ìyá wà láàyè. Ẹbí rẹ̀ ló sì ní kí a kọ ọ́, kí a má wulẹ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òní ni ọmọ ènìyàn ti ń wá ìwòsàn láìfi ojú kojú. Nílẹ̀ wa, bí aláìsàn kò bá lè dìde, ẹbí rẹ̀ a lọ sọ́dọ̀ babaláwo tàbí oníṣègùn lórúkọ rẹ̀, a ròyìn àìsàn náà, a gba ewé àti egbò bọ̀ wálé. Àwọn òyìnbó pàápàá kò pẹ́ kí wọ́n tó fi tẹlifóònù ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún 1876 ni Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní 1879, The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ròyìn dókítà kan tí wọ́n pè lóru nítorí ọmọ kékeré tó ń wúkọ́. Dókítà náà ní kí wọ́n gbé ọmọ súnmọ́ ẹ̀rọ, ó tẹ́tí sí ikọ́ náà, ó sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kì í ṣe irú ikọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ikọ́ ni. Ikọ́ kò nílò ògbufọ̀.

Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí olúkúlùkù ti ń yan dókítà ìdílé tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní médecin traitant, láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni ètò ìlera ti ń dá owó ìpàdé orí fídíò padà fún aláìsàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àrùn Kòfíìdì tó dé, nǹkan bí 8 nínú ìpàdé 10 pẹ̀lú dókítà ìdílé ló jẹ́ ojúkojú. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹrin ọdún 2020, kò tó ìdajì mọ́. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London a máa ròyìn rẹ̀ fún wa tẹ̀rín-tẹ̀rín: wọn á ní dókítà yóò pè yín láàárọ̀, wọn kò ní sọ aago mélòó, ìpè náà á wọlé láìsí nọ́ńbà lórí rẹ̀, ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò gbé e á tún padà sẹ́yìn ìlà. Síbẹ̀, àwọn ọmọ yẹn gbọ́ èdè dókítà wọn. Ìyà tiwọn kò ju ti aago lọ.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ "dókítà ìdílé" gba àlàyé díẹ̀. Ní Kaboua, ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ funfun ní ilé ìwòsàn ni à ń pè ní dókítà, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wọn, wọ́n á fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Savè, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ará agbègbè Savè àti Ouèssè. Láti ibẹ̀, ó lè di Parakou, ó lè di CNHU ní Cotonou. Kò sí ìwé tó so ìdílé kan mọ́ dókítà kan. Dókítà ìdílé wa ni ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù wa. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ìjọba ti gbé lọ sí ìlú mìíràn, tí àwọn ìyá ọlọ́mọ kò sì jẹ́ kó sinmi. Ó lè jẹ́ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá lẹ́ẹ̀kan. Ó sì lè jẹ́ ọmọ bíbí ìlú tó kàwé jáde, tí gbogbo ẹbí bàbá àti ẹbí ìyá ń pè lóru àti lọ́sàn-án, tí kò sì ní ẹnu láti gba fàráǹkì kan lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Kòfíìdì wọ Benin ní oṣù Kẹta ọdún 2020, tí ọ̀pọ̀ ń sá fún ilé ìwòsàn, ni àṣà yìí fìdí múlẹ̀ ní agbo ilé tiwa.

A kò sì ní purọ́, ó ń ran ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa lásìkò òjò, tó mọ ohun tí zémidjan ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó gbé aláìsàn dání, kò ní fi fóònù ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou ra ẹ̀rọ tí à ń so mọ́ apá fún un. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bàbá á jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ara rẹ̀ balẹ̀, á so ẹ̀rọ náà, á ka nọ́ńbà tó bá hàn sí ọmọ rẹ̀ létí, ọmọ á fi ránṣẹ́ sí dókítà. Tẹ́lẹ̀, oṣooṣù ló ń lọ sí Savè fún ìyẹn nìkan. Nísinsìnyí, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta. Ó sọ fún wa pé owó tí òun ń fi wọ ọkọ̀ lòun ń fi ra oògùn tí òun kì í lè rà pé tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà dà bí ikọ́ ọmọ òyìnbó yẹn: bó ṣe wà ni yóò ṣe dé etí dókítà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ti lé ní ogójì ọdún ní nǹkan kan ń yọ òun lẹ́nu ní ojú ara. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló wà nílé tó gbọ́ Faransé. Obìnrin náà fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ bí àwọn obìnrin wa ti ń sọ ọ́: "Sọ fún dókítà pé ojú ara ń yún mi." Ọmọ náà gbọ́ "ojú", ó sì sọ fún dókítà pé ojú ń yún àǹtí òun. Oògùn ojú ni wọ́n kọ fún un. Ó mọ̀ pé àṣìṣe ni, ó kà á lára páálí oògùn nígbà tí wọ́n rà á dé, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe pe ọmọ náà padà láti ṣàlàyé? Ó fi oògùn náà pa mọ́, ó sì gbé àìsàn náà kiri fún oṣù méjì kí ó tó lọ bá agbẹ̀bí fúnra rẹ̀. Àwọn tí a sọ èyí fún rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Èdè Yorùbá kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe àléébù rẹ̀. Ọgbọ́n àti ìtìjú àwọn tó ń sọ ọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ wo "ìdí" àti "ẹ̀yìn", bí àgbàlagbà ṣe ń fi wọ́n bo ohun tí kò fẹ́ dárúkọ. Ẹ wo "inú": inú lè run ni, inú lè bàjẹ́, obìnrin sì lè sọ pé inú ń yọ òun lẹ́nu nígbà tó jẹ́ pé ilé ọmọ ló ní lọ́kàn. Ẹ wo "ibà". Àwọn ọmọ wa ti kọ́ ọ pé palu ni ibà, ó tán. Ṣùgbọ́n ìyá tó sọ pé ibà pọ́njú ló ń ṣe ọmọ òun ti rí àwọ̀ ẹyinjú ọmọ náà, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ dókítà fún un. Bí ògbufọ̀ bá sọ pé "Il a le palu", ẹyinjú tó pọ́n náà ti sọnù, dókítà tó wà lórí fóònù kò sì ní ojú láti fi rí i.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí a ti tọ́ gbogbo wa nìyẹn: kí ìránṣẹ́ lo làákàyè, kí ó yọ ohun tí kò yẹ, kí ó ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ kí ó tó dé etí ẹni ńlá. Ọmọ tó yọ apá òsì kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà kò ṣe àìgbọràn. Ẹ̀kọ́ ilé ló lò. Àfi kí á ní ìgboyà láti sọ fún àwọn ọmọ wa pé níbi fóònù dókítà, òwe yẹn kò ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ẹrú, fi tẹrú jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tó dà bí àsọdùn, tó dà bí ọ̀rọ̀ oko, tó ń tì ọ́ lójú, gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí lójú ewé méjèèjì, Yorùbá àti Faransé, ẹ̀yin ni fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà fi ọwọ́ tọ́ka ibi tó ń dùn ún kí ẹ tó la ẹnu. Ẹ sọ orúkọ ibi tí ọwọ́ náà wà: la poitrine ni àyà, le bas-ventre ni ìsàlẹ̀ ikùn. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé yín, ẹ má dá a dábàá. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ kò mọ bí wọ́n ti ń pè é, kí ẹ wá ṣàpèjúwe rẹ̀. Bí aláìsàn bá ní kí ẹ pe àgbàlagbà mìíràn wá tàbí kí ẹ fún òun láyè, ẹ má bínú. Lẹ́yìn ìpè, ẹnu yín dà? Òfin Benin ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, tí à ń pè ní Code du numérique, ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Bẹ́ẹ̀ la ń rí àwòrán ìwé oògùn bàbá nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí rẹ̀ gàdàgbà, àti àwọn ọkọ àfẹ́sọ́nà tó ń kà á.

Ọ̀nà mìíràn wà tó dára ju ti igi máńgòrò lọ, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 2001, àwọn oníṣègùn Mali àti ilé ìwòsàn yunifásítì Geneva bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó di RAFT, àjọṣe ìṣègùn ọ̀nà jíjìn fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé. Níbẹ̀, kì í ṣe aláìsàn nìkan ló ń bá dókítà sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn ló ń bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ jù ú lọ, òun náà ló sì ń fi ọwọ́ kan ikùn, tó ń wo ẹyinjú, tó ń ka ìlù ọkàn. Kò sí ohun tó dí wa lọ́wọ́ láti ṣe irú rẹ̀ ní Kaboua: kí a gbé fóònù wa lọ sí ilé ìwòsàn, kí a bẹ nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí kí ó jókòó tì wá nígbà tí a bá ń bá dókítà ìdílé sọ̀rọ̀. A mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ fún wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni à ń sọ.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí kò yẹ kí fóònù dá sí ju pé kí ó pe ọkọ̀ wá: àyà tó ń fún ni, ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ tí gìrì mú, aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹni tí kò lè mí dáadáa. Ìwọ̀nyí, ẹ gbé wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kéré, tó sì ti dá wàhálà sílẹ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà fóònù Benin ti kúrò ní ẹyọ 8 tó di 10, tí a ń fi 01 ṣíwájú. Fóònù àwọn ọ̀dọ́ ti yí padà. Èyí tí wọ́n fi bírò kọ sí ẹ̀yìn ìwé ìlera ìyá àgbà kò yí padà. A ti rí àwọn àgbà tó ń tẹ nọ́ńbà àtijọ́ léraléra, tí wọ́n ń sọ pé dókítà ti bínú sí wọn. Ẹ wá àwọn ìwé náà nínú àpótí àti abẹ́ ìrọ̀rí, kí ẹ fi 01 sí i.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, a ti ń ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún eré kan: akẹ́kọ̀ọ́ kan á ṣe ìyá àgbà, èkejì dókítà, ẹ̀kẹta ògbufọ̀. Ọmọkùnrin kan gbọ́ "òòyì ń kọ́ mi", ó rò ó títí, ó ní: "Docteur, quelque chose m'enseigne." Kíláàsì rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbàgbé vertige mọ́.

Ọmọbìnrin abẹ́ igi máńgòrò wà lára wọn. Ní oṣù tó kọjá, a tún bá wọn nílé nígbà tí wọ́n ń pe dókítà. Ọmọ náà kò dúró lábẹ́ igi mọ́. Ó gbé àpótí ìyá lọ sí abẹ́ igi náà, ó sì kúnlẹ̀ tì í. Wọ́n sọ̀rọ̀ oògùn, wọ́n sọ̀rọ̀ iyọ̀ inú ọbẹ̀. Bí dókítà ti fẹ́ dágbére ni ìyá fà á láṣọ: "Sọ fún wọn pé oògùn alẹ́ yẹn, ó ń jẹ́ kí n tọ̀ kiri lóru bí ọmọ ọwọ́. N kì í sùn."

Ọmọ náà wò wá. A wo ilẹ̀. Ó sì sọ ọ́ fún dókítà, títí kan ọmọ ọwọ́.

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní àárọ̀ ló yẹ kí ìyá máa lo oògùn náà.